Olùkọ́ Rọra àti Ọkọ̀ Asáré

"Olùkọ́, ṣé kí n dúró ni, àbí kí n máa lọ?"

Aránṣọ tí Olùkọ́ ń kọ́ ní ọkọ̀ wíwà di sítíárìn mú gírígírí bí ẹni tó di ewúrẹ́ mú níwo. Wọ́n ti dé oríta, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn sì ti ń fọn fèrè.

"Olùkọ́ o! Mo ní, ṣé kí n dúró?"

"Ó dára," ni Olùkọ́ wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lójú títì rárá. Ibi ẹnu ọ̀nà ilé kan lápá ọ̀tún ló ń wò.

Aránṣọ kò mọ èyí tó dára nínú méjèèjì, bóyá dídúró ni o, bóyá lílọ ni. Ó bá tẹná. Ọkọ̀ fò gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ó ta agolo ìdọ̀tí kan nídìí, ó sì kú síbẹ̀. Ìdérí agolo náà yí gbirigbiri títí tó fi rẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Olùkọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló máa ń jókòó sí, bíréèkì kejì sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ronú àṣìṣe, ẹsẹ̀ Olùkọ́ á ti tẹ̀ ẹ́. "Rọra" ni ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń da tíì sí ife, àwọn kan tilẹ̀ ní ó sọ ọ́ fún àlùfáà tó ń so òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀. Bó ṣe di Olùkọ́ Rọra fún tèwe tàgbà nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo ti pa ènìyàn?" Aránṣọ ti di ojú méjèèjì.

"Agolo ìdọ̀tí ni. Kò lẹ́bí."

"Kí lẹ wá ń wò, sà?"

"Ọkọ̀."

"Kí wá ni èyí tí a wà nínú rẹ̀?"

Olùkọ́ wo ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń han bí àgbàlagbà tó fẹ́ wúkọ́. "Èyí?" ló wí. "Èyí irinṣẹ́ ni."

Nígbà tí aránṣọ lọ tán, Olùkọ́ padà síbẹ̀. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi níwájú géètì, ó rẹlẹ̀ débi pé ológbò kan lè fò ó láìgbára dì. Àwọ̀ ewé tó ṣú ni wọ́n kùn ún. Imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn iná iwájú rẹ̀ sì wọlé sínú ara rẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tàn án, á dìde bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, àwòrán irú rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ògiri lókè ibùsùn, kó tó di pé ìyá rẹ̀ fi í bo ìkòkò. Ó ti lé lógún ọdún tó ti fojú kan ọ̀kan gbẹ̀yìn.

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì rẹ̀: MO FẸ́ TÀ Á. ẸNI TÍ KÒ BÁ MỌ̀ Ọ́N WÀ, KÓ MÁ KANLẸ̀KÙN.

Olùkọ́ kanlẹ̀kùn.

Obìnrin tó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún ló jáde, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó wọ bàtà kánfáàsì bí ẹni tó fẹ́ sáré ìje. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Màmá Apoògùn ni, ẹni tó ta oògùn fún wọn lójú pópó fún ogójì ọdún, tó sì máa ń sọ fún aláìsàn pé, "Lọ sùn, kò sóhun tó ṣe ọ́."

"Ẹ káàsán mà. Ọkọ̀ ni mo wá wò. Olùkọ́ ọkọ̀ wíwà ni mí."

"Olùkọ́! O mọ̀ ọ́n wà nìyẹn."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró dáadáa mà."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Wọlé. Èmi ni màá kọ́kọ́ wà á, kí o rí bó ṣe ń ṣe."

Olùkọ́ kọ́kọ́ ti orí wọlé, ó rí i pé kò ṣeé ṣe, ó jáde, ó wá ti ìdí wọlé. Nígbà tó fi máa jókòó tán, ó dà bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú agbada ìwẹ̀. Màmá ti wọlé ní tirẹ̀ fẹ̀rẹ̀, bí owó tí wọ́n jù sápò.

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí kò tètè lọ, má fòyà," ni Màmá wí bí wọ́n ti ń jáde sójú títì. "Ó ń fa èémí sínú ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì lọ́nà ọ̀fun. Tọ́bò ni wọ́n ń pè é. Á kọ́kọ́ kó èémí jọ. Ìgbà tó bá wá mí síta..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ ló bá a parí rẹ̀. Ẹ̀yìn Olùkọ́ lẹ̀ mọ́ ìjókòó, fìlà rẹ̀ sì lọ sẹ́yìn. Àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà di ògiri kan ṣoṣo. Ó fẹ́ sọ pé "Rọra," ṣùgbọ́n "Rọ" nìkan ló rí àyè jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò sí bíréèkì kankan, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan.

"Kí lò ń tẹ̀ níbẹ̀?" Màmá ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ṣé aáyán ni?"

Nígbà tí wọ́n padà dé géètì, Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi wá ihò géètì lẹ́ẹ̀kan, kò rí i. Ó tún wá a lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta ló wá fi ìka tọ́ ọ.

"Màmá, kí ló dé?"

"Ojú mi ni. Dókítà ní n kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù méjì."

Olùkọ́ fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀. "Ẹ ò rí ihò kọ́kọ́rọ́, ẹ wá gbé mi sá irú eré yẹn!"

"Ihò kọ́kọ́rọ́ ni n kò rí," ni Màmá fèsì. "Ojú ọ̀nà tóbi ju ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó yá, bọ́ síbí. Ó kàn ọ́."

Bí Olùkọ́ ṣe jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó nìyẹn. Ó tún dígí ṣe, ó so bẹ́líìtì, ó tún dígí ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n rìn dé ìdajì òpópónà náà.

"Kẹ̀kẹ́ ló kọjá wa yẹn o," ni Màmá wí. "Mo gbọ́ agogo rẹ̀."

"Mo rí i mà."

"Tẹ̀ ẹ́."

"Màmá, ṣùgbọ́n..."

"Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ń sanwó ẹran kó máa fi imú gbóòórùn rẹ̀."

Olùkọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́ nǹkan kan tó ń súfèé wẹ́rẹ́ níwájú ọkọ̀, bí omi tó fẹ́ hó. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tí kò rí tì í láti ẹ̀yìn, gbogbo ọ̀nà sì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ń kígbe ayọ̀ bí ọmọ tó gun jangílọ́fà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni.

Ọwọ́ tó nà sókè níwájú ló dá a lẹ́kun. Ọlọ́pàá ojú pópó ni, obìnrin. Ó rọra ń bọ̀, ó ti mú ìwé lọ́wọ́, ó tẹ orí wo inú ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"Olùkọ́ Rọra?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Olùkọ́ fi fìlà bo ojú, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi! Kí lẹ máa ń ní kí n wí kí n tó gbé ẹsẹ̀ sí i?"

Olùkọ́ tún dígí ṣe.

"Mo ń gbọ́ o, sà."

"Ọ̀nà kò lẹ́sẹ̀," ni Olùkọ́ kà bí ọmọ ilé-ìwé. "Kò lè sá lọ. Ìwọ ni kó o rọra bá a."

"Ẹ tún un wí."

Ó tún un wí. Màmá Apoògùn ti yí ojú sójú fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọlọ́pàá ní nítorí pé wọ́n jẹ́ olùkọ́ òun, ìkìlọ̀ nìkan lòun máa fún wọn. Ó wá mú fóònù jáde. Ó ní òun fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì tó ń wí yìí ni agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí ọmọ ọlọ́pàá náà méjèèjì. Ìyàwó Olùkọ́ ni.

Nígbà tí Olùkọ́ fi máa délé, ìròyìn ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ti jókòó, ó ti mu omi. Nọ́ọ̀sì ń bu ìrẹsì sí àwo. Kò gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀. Mo gbọ́ pé ẹ ti di ẹyẹ."

"Ìyàwó mi, mo kàn lọ wò ó ni."

"Wọ́n ní ariwo yín ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí ọkọ̀ tó dé." Ó gbé àwo síwájú rẹ̀. "Ẹ jẹun. Ẹni tó fò tó bẹ́ẹ̀, ebi á pa á."

Olùkọ́ jẹ ṣíbí méjì. Ó ní, "Ọkọ̀ náà dára."

"Ilẹ̀kùn mélòó ló ní?"

"Méjì."

"Ṣé ó ní ìjókòó ẹ̀yìn?"

"Ó ní in."

"Ta ló lè jókòó síbẹ̀?"

Olùkọ́ rò ó, ó sì fẹ́ jẹ́ olóòótọ́. "Ẹni tí kò bá ní orúnkún."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà dà á. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń kú lọ. Owó tí a kó sí báǹkì, òmíràn la fẹ́ fi rà. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá ló ń dúró dè yín, wọ́n máa ṣe ìdánwò lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé inú ọkọ̀ asáré lẹ máa kó aránṣọ sí?"

Bí Olùkọ́ ṣe fojú inú wo aránṣọ àti tọ́bò pa pọ̀, òógùn bò ó.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an?" Nọ́ọ̀sì béèrè. Kò fi ìbínú béèrè rẹ̀. Ohùn tó fi ń bá aboyún sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́.

Olùkọ́ yí ṣíbí nínú àwo. "Lójoojúmọ́ ni mò ń wà lójú ọ̀nà," ló wí níkẹyìn. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. N kò débì kankan rí. A ó jáde ní ọgbà, a ó yípo, a ó padà sọ́gbà. Ẹlòmíràn ló ń wà á, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa dá a dúró. Lónìí, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èmi ni mo ń lọ."

Nọ́ọ̀sì jókòó tì í. "N kò ní sọ pé rárá. Bí mo bá sọ ọ́, ọkọ̀ yẹn á di nǹkan tí mo gbà lọ́wọ́ yín, a ó sì jọ máa bá a gbélé títí ayé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà máa lọ fojú rí i."

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn mẹ́ta ló lọ. Olùkọ́ mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì dání. Ọkùnrin náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ku bàtà rẹ̀ nìkan níta, wọ́n ṣáà ń gbọ́ "hùn-ún" àti "áà" lábẹ́ ibẹ̀. Màmá Apoògùn jókòó sórí àga níbi àbáwọlé, ó ní bí ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ṣe ń ṣe òun.

"Ẹ́ńjìnnì le koko," ni bàtà náà wí. "Tọ́bò ń mí bí ọmọ tuntun. Àmọ́ ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí èèyàn bá fi ìka tì í báyìí..." Wọ́n gbọ́ krà. "Hẹ̀n-ẹ́n. Ìka mi ti wọlé."

Ó yọ jáde, ó nu ọwọ́, ó fa Olùkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ, má rà á. Kò ní jẹ́ kó o sinmi. Gẹ́gẹ́ bíi mẹkáníìkì, rà á lónìí. Mo ń kọ́lé lọ́wọ́."

Àkókò yẹn ni fóònù Màmá dún. Onílé-ìtura kan ló ń pè, gbogbo wọn sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere. Ó ní òun á san iye tí Màmá dá lé e, òun á tilẹ̀ fi díẹ̀ lé e. Òun fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò, kí ó lè fúyẹ́, kí òun gbé e sórí pèpéle níwájú ilé-ìtura, kí wọ́n gbin òdòdó yí i ká. Màmá ní òun á pè é padà. Ó gbé fóònù sórí itan.

"Òdòdó," ló wí. "Olùkọ́, kí lo wí?"

Olùkọ́ rìn yí ọkọ̀ náà po. Ó fọwọ́ pa imú rẹ̀, ó gbóná nítorí oòrùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, orí pèpéle ló ń lọ. Ó tún rántí aránṣọ, tó sọ fún un pé bí òun bá gba ìwé àṣẹ tán, òun ò ní máa ru aṣọ oníbàárà lórí mọ́. Ó rántí kílọ́ọ̀ṣì tó ń han. Ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó gbà.

"Màmá, n kò ní rà á."

"Ẹ̀rù ló bà ọ́?"

"Rárá mà. Owó ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní. Kì í ṣe tèmi nìkan." Ó fẹ́ fi ẹ̀rín kún un, ẹ̀rín náà kọ̀, kò wá. Ó yíjú sí igi, bí ẹni tó ń ka ewé rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wo ọkọ rẹ̀, ó wo Màmá. Ó fa àga kan, ó jókòó sí i gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn.

"Màmá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Ṣé ẹ nílò owó ni?"

"Owó? Kí ni màá fowó ṣe? Eyín wo ni màá fi jẹ ẹ́? Àwọn ọmọ mi ló ní kí n tà á. Wọ́n ní bó bá wà níwájú ilé, n kò ní ṣíwọ́ wíwà á, màá sì fi pa ara mi. Irọ́ sì kọ́ ni wọ́n pa."

"Wọ́n ní kí ẹ má wà á. Ṣé wọ́n ní kí ẹ má gùn ún?"

Màmá yí ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ sí ìhà ibi tí Olùkọ́ dúró sí.

"Ọkọ mi kì í kọ́ ènìyàn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀," Nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ilé ló máa ń wà, tó máa ń sọ fún mi bí mo ṣe lè rọra gé àlùbọ́sà. Ẹ bá mi mú un kúrò nílé. Ọkọ̀ á ṣì jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tí ẹ ń lọ."

"N kò ní gba owó kankan," ni Olùkọ́ wí kíákíá. Igi ti tán lójú rẹ̀.

"Ta ló ní màá fún ọ lówó?" ni Màmá wí. "Ìpẹtà yẹn ni màá náwó sí. Ìwọ mẹkáníìkì, ṣé o gbọ́?"

Mẹkáníìkì gbọ́ dáadáa. Ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

Màmá mú fóònù, ó pe onílé-ìtura, ó ní kó lọ gbin òdòdó rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí Olùkọ́. "Ṣùgbọ́n n kì í fi ọkọ̀ mi fún ẹni tí n kò dán wò. Ohun tó wáyé lọ́jọ́sí, ìbẹ̀wò ni. Wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ láago mẹ́rin, kí o wá ṣe ìdánwò."

"Ìdánwò, mà? Èmi?"

"Ìwọ ńkọ́! Ojú ni kò sí mọ́, etí mi ṣì pé."

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Olùkọ́ gé irun, ó wọ bàtà tuntun, ó ti dé ẹnu géètì láago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀bá odò jáde kúrò nílùú, ọ̀nà tí Olùkọ́ kò mú akẹ́kọ̀ọ́ gbà rí nítorí pé ó jìn jù. Màmá di ojú, ó tẹ etí sí ẹ́ńjìnnì, ó ń mi orí, nígbà mìíràn á sì ṣe "ṣíọ̀". Wọ́n dé orí òkè kan, wọ́n jókòó wo ilé tó kéré bí àpótí ìṣáná nísàlẹ̀. Olùkọ́ sọ ohun tó ń rí fún Màmá, Màmá sì ń sọ fún un èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tó délé, Nọ́ọ̀sì ń ká aṣọ tó gbẹ.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ yege?"

"Rárá." Olùkọ́ bọ́ bàtà. "Ó ní mò ń yí jíà kí ẹ́ńjìnnì tó béèrè fún un. Ó ní mò ń bẹ ọkọ̀ níbi tó yẹ kí n ti pàṣẹ. Ó ní kí n tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ó mà ṣe o! Bí ẹ ò bá tún yege lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Màá tún lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e." Olùkọ́ gbé etí aṣọ ìbùsùn kan, ó bá a ká a. "N kò kánjú."